Ta Ló Ń Jẹ́ Gáàsì?

Bí ọ̀rọ̀ ìṣẹ̀dá ọ̀rọ̀ bá wáyé ní kíláàsì wa, kì í pẹ́ tí ẹnìkan yóò fi mẹ́nu ba "ẹ̀rọ amúlétutù". Ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà rọrùn láti tú palẹ̀: àfòmọ́ ìbẹ̀rẹ̀ "a-", ọ̀rọ̀-ìṣe "mú", àbọ̀ rẹ̀ "ilé", àti ọ̀rọ̀-ìṣe kejì, "tutù", tó ń sọ ibi tí ọ̀rọ̀ já sí. Ẹni tí kò rí ẹ̀rọ náà rí yóò mọ iṣẹ́ tó ń ṣe. Ṣùgbọ́n ẹ lọ bá ẹni tó ń tún un ṣe, ẹ bi í pé kí ló ń tún ṣe. Éèsì ni yóò pè é. Èmi kò bá a jà nítorí ìyẹn. Bí ọ̀rọ̀ àyálò bá jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀, ta ni yóò jẹ búrẹ́dì láàárọ̀ nínú wa?

Ohun tó ń dùn mí ni pé àwa onímọ̀ èdè sọ ẹ̀rọ náà lórúkọ, a sì padà sílé. A kò bá àwọn tó ń ṣiṣẹ́ rẹ̀ wọnú rẹ̀. Inú rẹ̀ gan-an sì ni orúkọ tí kò tó ti lè pa ènìyàn.

Ẹ̀rọ tí mo ń sọ kì í ṣe èyí tí wọ́n gbé kọ́ ẹ̀yìn fèrèsé. Ṣílà ni wọ́n ń pè é. Ẹ̀rọ ńlá ni, orí òrùlé tàbí yàrá ẹ̀rọ nísàlẹ̀ ilé ló sábà máa ń wà, ní ilé ìwòsàn ńlá, òtẹ́ẹ̀lì, ilé ìtajà ìgbàlódé àti ọ́fíìsì alájà púpọ̀. Omi ló ń mú tutù. Pọ́ǹpù á wá gbé omi tútù náà káàkiri àjà ilé. Ohun tó ń gba ooru kúrò lára omi yìí ni àwọn òṣìṣẹ́ ń pè ní gáàsì. Gáàsì inú éèsì yàrá kì í sábà ju kílò kan tàbí méjì lọ. Ti ṣílà ńlá lè tó 300 kílò tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nítorí iṣẹ́ àpilẹ̀kọ mi, mo ti lo oṣù díẹ̀ létí àwọn tó ń tún irú ẹ̀rọ yìí ṣe, mò ń gbọ́ bí wọ́n ṣe ń pàṣẹ, bí wọ́n ṣe ń kọ́ ọmọ iṣẹ́, àti bí wọ́n ṣe ń bú u.

Bí nǹkan bá bàjẹ́ nínú ikùn ṣílà tó sì di dandan kí wọ́n ṣí i, iṣẹ́ mẹ́rin ló gbọ́dọ̀ tò tẹ̀lé ara wọn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ bá mi kà á, torí orí rẹ̀ ni gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ dúró lé.

Àkọ́kọ́, wọn yóò gba gáàsì tó wà nínú rẹ̀ sínú sílíńdà. Ẹ̀rọ kan wà fún èyí, tó ń fa gáàsì jáde, tó sì ń tì í sínú sílíńdà. Èyí tó jẹ́ olómi ni wọ́n kọ́kọ́ ń gbà, kí wọ́n tó gba èyí tó jẹ́ oru. Sílíńdà náà kò gbọdọ̀ kún ju ìdá 80 nínú 100 lọ, nítorí gáàsì olómi máa ń wú bí ooru bá mú un, bí kò bá sì sí àyè, sílíńdà lè bẹ́. Omi gbọ́dọ̀ máa ṣàn nínú ṣílà lákòókò yìí, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, omi inú àwọn páìpù tín-ín-rín rẹ̀ lè di yìnyín kó sì fọ́ wọn.

Ìkejì, lẹ́yìn àtúnṣe, wọn yóò ti náítírójìn gbígbẹ sínú rẹ̀ láti dán an wò bóyá ó ń jò.

Ìkẹta, wọn yóò fi pọ́ǹpù mìíràn fa afẹ́fẹ́ àti ọ̀rinrin inú rẹ̀ jáde títí yóò fi ṣófo. Òfo yìí kì í ṣe ti ẹnu lásán. Géèjì kan ń wọ̀n ọ́n ní máíkírọ́ọ̀nù. Afẹ́fẹ́ tó yí wa ká jẹ́ 760,000. Òṣìṣẹ́ tó mọṣẹ́ kì í sábà dáwọ́ dúró àfi bí géèjì bá dé nǹkan bí 500. Ìdí ni pé omi tó ń hó ní 100°C lórí iná wa yóò hó ní 25°C péré bí a bá fa afẹ́fẹ́ orí rẹ̀ wálẹ̀ dé nǹkan bí 24,000 máíkírọ́ọ̀nù. Omi tó sá pamọ́ sínú ẹ̀rọ á di oru láìsí iná, pọ́ǹpù á sì fà á jáde. Bí omi náà bá ṣẹ́kù, ó lè di yìnyín sẹ́nu ibi tóóró tí gáàsì ń gbà kọjá, ó sì lè bá òróró inú ẹ̀rọ pò di ásíìdì tí yóò máa jẹ wáyà mọ́tò ní díẹ̀díẹ̀. Bí wọ́n bá fà á tán, wọn yóò pa pọ́ǹpù, wọn yóò máa wo géèjì. Bó bá gòkè díẹ̀ tó sì dúró, omi ló kù. Bó bá ń gòkè lọ láìdúró, ó ń jò.

Ìkẹrin ni rírọ gáàsì padà, lórí òṣùwọ̀n, iye kílò tí wọ́n kọ sára ẹ̀rọ. Níbí náà, a kì í kánjú. Ẹni tó bá rọ gáàsì olómi sínú ṣílà tó ṣófo, òtútù tí yóò tibẹ̀ jáde lójijì lè mú omi inú páìpù dì. Oru ni wọ́n ń kọ́kọ́ rọ. Bí gáàsì bá jẹ́ R-134a, wọ́n á dúró kí géèjì ka nǹkan bí 35 psi, níbi tí òtútù rẹ̀ kò ti lè sọ omi di yìnyín mọ́, kí wọ́n tó rọ olómi.

Gbà, dán, fà, rọ. Ọ̀rọ̀-ìṣe mẹ́rin, gbogbo wọn ló kúrú, Yorùbá sì ní gbogbo wọn. Níbo wá ni wàhálà wà?

Wàhálà kìíní ni "tú". À ń tú okùn, à ń tú ẹrù, à ń tú nọ́ọ̀tì, à ń tú ẹran sílẹ̀, omi náà sì ń tú jáde. Nínú ọ̀rọ̀ tí mo gbà sílẹ̀, ọmọ iṣẹ́ kan bi ọ̀gá rẹ̀ pé, "Ọ̀gá, ṣé kí n tú u?" Ọ̀gá ní, "Tú u." Kí ni "u" yìí? Arọ́pò-orúkọ ẹnìkẹta ẹyọ ní ipò àbọ̀ ni, a ti gba máàkì lé e lórí rí. Ṣùgbọ́n nínú yàrá yẹn, ó lè jẹ́ nọ́ọ̀tì ìdérí, ó sì lè jẹ́ gáàsì inú ẹ̀rọ. Lọ́jọ́ náà, wọ́n ti gba gáàsì tán, nọ́ọ̀tì ló kù, nǹkankan kò sì ṣẹlẹ̀. Síbẹ̀, àṣẹ tí ìtumọ̀ rẹ̀ dúró lórí pé gbogbo ẹni tó wà níbẹ̀ gbọ́ ohun tí wọ́n sọ ní ìṣẹ́jú márùn-ún sẹ́yìn kò bójú mu nínú yàrá tí mọ́tò ti ń pariwo. Ọ̀pọ̀ gáàsì yìí wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ. Bí ẹnìkan bá tú wọn sílẹ̀ ní yàrá ìsàlẹ̀ ilé, ilẹ̀ ni wọ́n ń sùn sí, wọ́n á sì lé afẹ́fẹ́ tí ènìyàn ń mí kúrò. Ọ̀pọ̀ wọn kò ní òórùn tó lè kìlọ̀ fún ẹni tó bẹ̀rẹ̀ síbi iṣẹ́.

Wàhálà kejì ni "fà". Ẹ padà wo ìpele kìíní àti ìkẹta tí mo kọ sókè. Èmi fúnra mi lo "fà" fún méjèèjì, ó sì tọ̀nà ní ìlànà gírámà. Ẹ̀rọ kìíní ń fa gáàsì lọ sí sílíńdà. Pọ́ǹpù ìkẹta ń fa afẹ́fẹ́ lọ síta. Bí ọ̀gá bá wá wí fún ọmọ iṣẹ́ tuntun pé "Lọ fà á", ẹ̀rọ wo ni kó gbé? Bó bá gbé pọ́ǹpù ìkẹta so mọ́ ṣílà tí gáàsì ṣì kún inú rẹ̀, pọ́ǹpù náà kò ní sílíńdà tó ń tì í sí. Inú yàrá ni gáàsì máa jáde sí, pọ́ǹpù náà sì lè bàjẹ́. Ọmọ náà kò ṣàìgbọ́ràn o. Ohun tí wọ́n ní kó ṣe ló ṣe.

Wàhálà kẹta ló tóbi jù, òun ni mo fi ṣe àkọlé. Ta ló ń jẹ́ gáàsì? Ní ibi iṣẹ́ kan náà, ohun tó ń mú omi tutù, gáàsì ni. Náítírójìn, gáàsì ni. Ọ́síjìn tí wẹ́dà ń lò, gáàsì ni. Asẹ́tílíìnì rẹ̀, gáàsì ni. Èyí tí ìyá olóúnjẹ fi ń se ìrẹsì lẹ́nu géètì náà, gáàsì ni. Àwọn Yorùbá ní orúkọ ọmọ ni ìjánu ọmọ. Ọmọ márùn-ún tó ń jẹ́ orúkọ kan, èwo la fẹ́ fi ìjánu yẹn fà? Bí wọ́n bá ní kí ọmọ iṣẹ́ gbé gáàsì wá kí wọ́n fi dán ẹ̀rọ wò, tó wá gbé ọ́síjìn dípò náítírójìn, ọ́síjìn tí a tì pẹ̀lú agbára sínú ẹ̀rọ tí òróró wà nínú rẹ̀ lè bú gbàmù.

Ẹnìkan lè sọ pé, ṣebí àmì wà lára sílíńdà? Ó wà. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, àwọ̀ ni ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ ń kà, wọn kì í ka lẹ́tà. Sílíńdà R-22 jẹ́ aláwọ̀ ewé fẹ́ẹ́rẹ́, ti R-134a jẹ́ aláwọ̀ ojú ọ̀run. Ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ àwọn tó ń ṣe ẹ̀rọ yìí ní Amẹ́ríkà ti fi àṣà àwọ̀ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ náà sílẹ̀, wọ́n ní kí gbogbo sílíńdà jẹ́ àwọ̀ kan, kí àwọn èyí tó ń gbiná ní àmì pupa lókè. Ẹni tó gbójú lé àwọ̀ ti wá di ẹni tó gbọ́dọ̀ kàwé. Ìwé tó wà lára sílíńdà pàápàá kì í sọ òtítọ́ nígbà gbogbo. Ní 2011, àwọn kọ̀ntéénà amóhuntutù tó ń gba orí òkun kọjá bú gbàmù, òṣìṣẹ́ sì kú ní Vietnam àti ní Brazil. R-134a ni wọ́n pe ohun tí wọ́n rọ sínú wọn. Ayédèrú ni, wọ́n ti fi methyl chloride lú u, ìyẹn sì ti bá alumíníọ̀mù inú ẹ̀rọ jà di ohun tó ń gbiná fúnra rẹ̀ bó bá ti kan afẹ́fẹ́. Níbi tí gbogbo nǹkan bá ti ń jẹ́ gáàsì, ta ni yóò ronú láti béèrè pé irú èwo ni?

Ìdí mìíràn tí mo fi kọ èyí báyìí, tí n kò fi í sílẹ̀ fún ọdún tó ń bọ̀, ni pé gáàsì fúnra rẹ̀ ń yí padà. Àdéhùn Montreal ti 1987 ló bẹ̀rẹ̀ sí í lé àwọn gáàsì tó ń ba òsóònù ojú ọ̀run jẹ́ kúrò nílé ayé. R-22 wà lára wọn. Fún àwọn orílẹ̀-èdè bíi tiwa, àdéhùn náà ní kí a dín irú gáàsì bẹ́ẹ̀ kù ní ìdá 67.5 nínú 100 láti 2025, kó sì di ìdá 97.5 ní 2030. R-134a kò ba òsóònù jẹ́ ní tirẹ̀, ṣùgbọ́n ó ń há ooru mọ́ ayé: láàárín 100 ọdún, kílò kan rẹ̀ ń ṣe iṣẹ́ 1,430 kílò kábọ́ọ̀nù dàìọ́sáìdì. Ẹ fi 300 kílò inú ṣílà kan ṣe ìṣírò rẹ̀: 429 tọ́ọ̀nù, tí ẹnìkan lè fi "tú u" kan ṣoṣo rán lọ sójú ọ̀run. Nítorí èyí ni wọ́n ṣe fi àtúnṣe Kigali kún àdéhùn náà ní 2016, kí irú R-134a náà lè máa dín kù.

Àwọn wo ló ń rọ́pò wọn? R-32 àti R-1234ze, tí wọ́n lè gbiná díẹ̀. R-290, tó jẹ́ propane, ìbátan gáàsì ìdáná wa gan-an, àmọ́ tí wọn kì í fi òórùn sí bí wọ́n ṣe ń fi sí tilé ìdáná. Ẹni tó fi R-22 kọ́ṣẹ́ mọ̀ pé gáàsì kì í gbiná bí òun bá ń jó páìpù pọ̀ nítòsí rẹ̀. Bó bá bá R-290 pàdé, tí orúkọ rẹ̀ sì ṣì ń jẹ́ gáàsì, ohun tó mọ̀ yẹn gan-an ni yóò ṣe é ní jàǹbá. Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ. Ilé ti yí padà, orúkọ kò yí.

Mo ti gbọ́ èsì mẹ́ta sí ọ̀rọ̀ yìí láàárín ẹ̀ka ẹ̀kọ́ wa. Èkíní ní, iṣẹ́ òyìnbó ni, kí wọ́n máa fi òyìnbó ṣe é. Orúkọ ohun èlò ni wọ́n ń pè ní òyìnbó; Yorùbá ni wọ́n fi ń pàṣẹ, tí wọ́n fi ń kìlọ̀, tí wọ́n fi ń kọ́ ọmọ iṣẹ́. Ewu kò sí nínú orúkọ pọ́ǹpù. Inú àṣẹ ló wà.

Èkejì ní, kí a ṣẹ̀dá ojúlówó ọ̀rọ̀ Yorùbá fún gbogbo rẹ̀, ká lé àyálò lọ. Níbí ni èmi àti àwọn ọ̀rẹ́ mi kan ti pínyà. Nínú ohun tí mo gbà sílẹ̀, àwọn òṣìṣẹ́ tó ṣọ́ra jù kì í lo "fà" fún ìpele kẹta. Wọ́n ní "fákúùmù". "Ẹ fákúùmù ẹ̀ dáadáa." Wọ́n ti sọ fáwẹ́ẹ̀lì mọ́ ìparí rẹ̀, wọ́n ti fi "f" rọ́pò kọ́ńsónáǹtì tí a kò ní, wọ́n sì ti sọ ọ́ di ọ̀rọ̀-ìṣe tó ń gba àbọ̀. Wọ́n wá fi "fà" sílẹ̀ fún gáàsì nìkan. Àyálò yìí ló ya iṣẹ́ méjì tí ọ̀rọ̀ abínibí dà pọ̀ mọ́ra sọ́tọ̀. Ẹni tó bá lé e lọ nítorí pé kò dún bíi Yorùbá, ewu ló ń dá padà.

Ẹ̀kẹta ní, kí ló kàn wá? Ìdáhùn mi ni pé ó ti kàn wá rí, nígbà tó jẹ́ iṣẹ́ tiwa. Ìwé Èdè-Ìperí Yorùbá jáde ní 1984, Ọ̀jọ̀gbọ́n Ayọ̀ Bámgbóṣé sì ni olóòtú rẹ̀. Apá kejì jáde ní 1990, lọ́wọ́ Ọ̀jọ̀gbọ́n Ọládélé Awóbùlúyì. Èdè iṣẹ́ onímọ̀ èdè, onílítíréṣọ̀ àti olùkọ́ èdè ni wọ́n tò síbẹ̀. Nítorí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe lè kọ "àfòmọ́ ìbẹ̀rẹ̀" sókè yìí, tí ẹ sì yé e láìbèèrè. Ṣáájú ìyẹn, láti 1970, iṣẹ́ Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ ti fi hàn pé a lè fi Yorùbá kọ́ ọmọ ní ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì fún ọdún mẹ́fà gbáko. Àwọn àgbà da omi síwájú, àwa ń tẹ ilẹ̀ tútù. Ta ni àwa ń da omi sílẹ̀ dè?

Àbá mi kò pọ̀. Kí ẹ̀ka ẹ̀kọ́ wa ya àpilẹ̀kọ kan tàbí méjì sọ́tọ̀ lọ́dọọdún fún èdè iṣẹ́ ọwọ́: ti àwọn aṣílà lọ́dún yìí, ti oníná mànàmáná lọ́dún mìíràn, ti awakùsà tàbí ti nọ́ọ̀sì lẹ́yìn náà. Kí a má jókòó sí ọ́fíìsì pín orúkọ fún wọn; kí a lọ gbọ́ èyí tí àwọn tó mọṣẹ́ jù nínú wọn ti ń lò, kí a tò ó, kí a dá a padà fún wọn. Kí a sì ṣe ìwé ojú kan ṣoṣo tí wọ́n lè lẹ̀ mọ́ ara ògiri yàrá ẹ̀rọ.

Ohun tí mo rí kójọ títí di báyìí lè gba orí ìwé yẹn. "Gbà á sí sílíńdà" fún ìpele kìíní, kí a má ké "sí sílíńdà" kúrò láé. "Fákúùmù" fún ìkẹta. "Rọ" fún ìkẹrin, pẹ̀lú "oru" tàbí "olómi" lẹ́yìn rẹ̀. "Tú" fún nọ́ọ̀tì nìkan. Bí ẹnìkan bá sì fẹ́ jẹ́ kí gáàsì lọ sínú afẹ́fẹ́, kó pè é ní "tú dànù", kí etí òun fúnra rẹ̀ gbọ́ ohun tó ń ṣe. Kí "gáàsì" má sì dá dúró mọ́. Kí nọ́ńbà tàbí orúkọ rẹ̀ máa tẹ̀ lé e nígbà gbogbo, kí a sì fi "agbiná" kún un níbi tó bá yẹ. Kò sí èyí tí mo ṣẹ̀dá nínú wọn. Wọ́n wà lẹ́nu àwọn ènìyàn, ibi kan nìkan ni wọn kò tíì pàdé.

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n wa tí ẹ ti gboyè jáde, ọ̀pọ̀ yín ló ń ṣiṣẹ́ nínú ilé tí ṣílà ń mú tutù, àwọn kan nínú yín ló ń bójú tó irú ilé bẹ́ẹ̀. Bí àwọn òṣìṣẹ́ bá dé láti wá tún un ṣe, tí ẹ sì gbọ́ tí wọ́n ní àwọn fẹ́ ṣiṣẹ́ gáàsì, ẹ kò nílò ìmọ̀ ẹ̀rọ kankan láti ràn wọ́n lọ́wọ́. Ẹ sáà bi wọ́n léèrè pé: gáàsì wo?